Bí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó lórúkọ jù lọ l'Amẹ́ríkà ṣe di ohun ìtàn, àti ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ògbólógbòó wọn mọ̀

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀fẹ̀ kan wà tí àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi máa ń bá ara wọn ṣe. Wọ́n á ní ọjọ́ méjì péré ni inú ẹni tó ní ọkọ̀ máa ń dùn jù lọ: ọjọ́ tó rà á, àti ọjọ́ tó rí ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra ògbólógbòó ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì rí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, nítorí ó mọ iye tó ti ná kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún le ni pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó kan àwọn ọkọ̀ náà kò sí mọ́, àwọn tó sì ṣẹ́ kù ti kúrò lọ́wọ́ ìdílé tó dá wọn sílẹ̀. Ọkọ̀ tí baba rà ní 1960 ṣì lè wà lórí omi lọ́wọ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀, kó sì jẹ́ pé iléeṣẹ́ tó kàn án ti wọ gbèsè lẹ́ẹ̀mejì. Nínú gbogbo wọn, Chris-Craft ni orúkọ rẹ̀ rìn jìnnà jù, ìtàn rẹ̀ ló sì lè là wá lóye jù lórí bí nǹkan ṣe rí lára àwọn yòókù. Ìdí nìyí tí a fi máa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀ NÍ ALGONAC

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Algonac wà ní ìpínlẹ̀ Michigan, létí odò St. Clair. Níbẹ̀ ni Christopher Columbus Smith, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Chris, ti kan ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1874, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ọkọ̀ tí àwọn ọlọ́dẹ ẹyẹ omi ń lò ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kàn níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì elépo bẹntiróòlù dé, Chris bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sínú ọkọ̀, bó ṣe di gbajúmọ̀ nídìí ọkọ̀ ayára nìyẹn.

Eré ìje ló kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ní 1915, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Miss Detroit, tó ti ọwọ́ Chris Smith jáde, gba ife-ẹ̀yẹ Gold Cup. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Gar Wood ra ọkọ̀ náà. Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù sókè kí ẹrù inú rẹ̀ lè dà sílẹ̀ ni Wood fi lówó, ó sì tún ra ìpín tó pọ̀ nínú iṣẹ́ Smith. Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ Harmsworth ní 1920, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń jẹ́ Miss America. Nígbà tó yá, wọ́n pínyà. Gar Wood ń bá eré ìje lọ, ní 1932 sì ni ọkọ̀ rẹ̀, Miss America X, sáré tó nǹkan bíi máìlì 125 ní wákàtí kan lórí omi.

Chris Smith àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní tiwọn dá iléeṣẹ́ ìdílé wọn sílẹ̀ ní 1922. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọkọ̀ wọn ní Chris-Craft. Àrà tí wọ́n dá ni pé wọ́n mú ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe mọ́tò ní Detroit, wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi. Dípò kí oníbàárà wá sọ irú èyí tó fẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ń kan ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jọra sílẹ̀, wọ́n sì ń tà á lówó tí kì í ṣe ti ọba nìkan. Bí dókítà, lọ́yà àti oníṣòwò ṣe dẹni tó lè ní ọkọ̀ ayára nìyẹn.

NÍGBÀ TÍ AYÉ Ń FẸ́ TIWỌN

Igi mahogany ni wọ́n fi ń kan àwọn ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá mọ igi ọ̀gànwó nílẹ̀ Yorùbá ti mọ ìbátan mahogany: igi pupa tó le, tó máa ń dán bíi jígí bí wọ́n bá kùn ún ní fáníìsì. Wọ́n á to pákó rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, wọ́n á fi ọ̀pọ̀ ìdè onídẹ dè é, wọ́n á kùn ún léraléra, wọ́n á sì fi irin tó ń kọ mànà ṣe imú àti etí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Títí dòní, bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gúnlẹ̀, àwọn tó wà létí omi á dìde wò ó.

Ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 gbá ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n Chris-Craft là á kọjá. Baba wọn kú ní 1939, ọdún yẹn náà sì ni Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun, iléeṣẹ́ náà pa ọkọ̀ afẹ́ tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ tí ó ń gbé àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí etíkun. Nǹkan bíi 12,000 irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kàn.

Lẹ́yìn ogun ni ọjà wá ṣí gbayawu. Àwọn ọmọ ogun padà sílé, iṣẹ́ wà, owó wà, ìdílé púpọ̀ sì ń wá ohun tí wọ́n máa fi gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950, Chris-Craft ń ta oríṣiríṣi ọkọ̀, láti orí kékeré tí èèyàn méjì lè gbé títí dé orí èyí tó ní yàrá àti ilé ìdáná. Wọ́n tilẹ̀ ń ta pákó tí wọ́n ti gé sílẹ̀ sínú páálí, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè lọ kan tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Lásìkò yìí, bí Amẹ́ríkà kan bá fẹ́ sọ pé òun rí ọkọ̀ ojú omi tó rẹwà, Chris-Craft ló máa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn ló kàn án.

FÁÍBÀ DÓDE, PÁKÓ Ń WỌLÉ

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí Chris-Craft ṣe ń jayé lọ́wọ́, àwọn mìíràn ti ń fi fáíbà ṣe ọkọ̀. Fáíbà kò fẹ́ ọ̀gá káfíńtà tó lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́. Bí ẹni kan bá ti ṣe àwòkọ́ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo, ó lè máa yọ ọmọ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń yọ búrẹ́dì nínú agolo. Kì í jẹrà, kòkòrò omi kì í jẹ ẹ́, kò sì nílò kí wọ́n máa kùn ún lọ́dọọdún.

Ní 1960, Dick Bertram gbé ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Moppie wọnú eré ìje láti Miami lọ sí Nassau. Ray Hunt ló ya àwòrán ìdí rẹ̀, ìdí náà sì mú ṣóńṣó bíi lẹ́tà V láti iwájú dé ẹ̀yìn, kó lè máa la ìgbì kọjá dípò kó máa balẹ̀ gbì lórí rẹ̀. Omi ru gan-an lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Moppie fi gbogbo wọn sílẹ̀ sẹ́yìn. Inú fáíbà ni wọ́n ti ń yọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó wá di Bertram 31, láti ìgbà náà ni àwọn tó ń lọ sójú òkun kò ti fẹ́ ọkọ̀ onípákó mọ́.

Ọdún 1960 yìí kan náà ni ìdílé Smith ta iléeṣẹ́ wọn fún NAFI, iléeṣẹ́ ńlá kan tó ti ń bá àwọn oníṣẹ́ mọ́tò ṣòwò. Ní 1962, ẹni tó ra iléeṣẹ́ náà wá fi orúkọ ohun tó rà jẹ́, ó sọ gbogbo ara rẹ̀ di Chris-Craft Industries. Ní 1964, wọ́n gbé ọkọ̀ onífáíbà ńlá wọn àkọ́kọ́ jáde, Commander, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 38. Ìgbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ onímahogany tó gbẹ̀yìn ti jáde níléeṣẹ́, àwọn ọ̀gá káfíńtà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kàn án sì túká lọ sílé.

ORÚKỌ WÀ LỌ́WỌ́ KAN, IṢẸ́ WÀ LỌ́WỌ́ ÒMÍRÀN

Ibí yìí gan-an ni ìtàn náà ti lọ́jú pọ̀. Chris-Craft Industries bẹ̀rẹ̀ sí í ra iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èrè tó ń jẹ níbẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọkọ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ta iṣẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀gbẹ́ni Dale Murray, ṣùgbọ́n kò ta orúkọ. Orúkọ náà ṣì wà lọ́wọ́ onítẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ń kan ọkọ̀ kàn ń fi àṣẹ lò ó ni.

Ní 1989, iléeṣẹ́ Murray wọ gbèsè. Outboard Marine Corporation, tí wọ́n ń pè ní OMC, ló rà á. OMC yìí kan náà ló ni ẹ́ńjìnnì Johnson àti Evinrude, tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, OMC náà kógbá wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn lásìkò ọdún Kérésìmesì.

Ní 2001, Stephen Julius àti Stephen Heese ra ohun tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Àmọ́ lọ́dún yẹn náà ni Chris-Craft Industries, tó ti di ti tẹlifíṣọ̀n pátápátá, bọ́ sọ́wọ́ News Corporation ti Rupert Murdoch ní owó tó lé ní bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ oníwèé ìròyìn ni wọ́n ti lọ ra orúkọ tí Chris Smith fi sọ ọkọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Àwọn Yorùbá ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Nínú ọ̀rọ̀ Chris-Craft, orúkọ náà ní iye tirẹ̀ lórí àtẹ, yàtọ̀ sí ilé, irin iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́.

Àwọn méjì yìí gbé iléeṣẹ́ náà dìde ní Sarasota, ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n ń fi fáíbà ṣe ọkọ̀ tó fi ìrísí jọ ti àtijọ́. Ní 2018, Winnebago, tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ ọkọ̀ ilé tí ń rìn lójú títì, rà á lọ́wọ́ wọn.

KÌ Í ṢE CHRIS-CRAFT NÌKAN

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe oríire tó bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ Gar Wood ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti 1947. Lyman, tí àwọn èèyàn adágún Erie fẹ́ràn nítorí pé pákó rẹ̀ máa ń gun ara wọn lórí bí ìpẹ́ ẹja, dáwọ́ iṣẹ́ dúró láàárín àwọn ọdún 1970. Bertram kúrò lọ́wọ́ olówó kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn títí àwọn ará Ítálì fi rà á, ní 2015 ni ará Ítálì mìíràn sì tún gbà á lọ́wọ́ àwọn tàkọ́kọ́.

Nílẹ̀ Ítálì gan-an, Riva ni àgbà wọn. Ìlú Sarnico, létí adágún Iseo, ni Pietro Riva ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1842. Carlo Riva, tó wá láti ìdílé náà, ló gbé Aquarama jáde ní 1962, ọkọ̀ onímahogany tí àwọn òṣèré àti ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń dù. Ẹ́ńjìnnì Chris-Craft ló ń gbé sínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950. Carlo ta iléeṣẹ́ náà fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1969, Aquarama ìkẹyìn jáde ní 1996, Ferretti sì ra Riva ní 2000. Ní 2017 ni Carlo Riva jáde láyé.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 2009 ló gbòòrò jù. Genmar, iléeṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni Irwin Jacobs, ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ ńlá jọ sábẹ́ òrùlé kan: Wellcraft, Glastron, Larson, Four Winns, Carver, Ranger. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé ní 2008, kò sẹ́ni tó ń ra ọkọ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, Genmar sá lọ sílé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun, wọ́n sì pín àwọn orúkọ náà tà. Sea Ray, tí iléeṣẹ́ Brunswick rà ní 1986, ṣì wà, àmọ́ ní 2018 ni wọ́n kéde pé wọn kò ní í ṣe àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tó tóbi jù mọ́, wọ́n sì ti iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n ní Florida pa.

KÍ LÓ FÀ Á?

Ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ yí padà, ìmọ̀ tí àwọn ìdílé àtijọ́ fi ń jẹun sì di ohun tí kò wúlò mọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó rà wọ́n kò mọ iṣẹ́ náà bí ìdílé ṣe mọ̀ ọ́n. Bí èrè bá ti dínkù, wọ́n á tà á.

Lẹ́ẹ̀kẹta ni ti owó epo àti ti ìjọba. Nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n gógó ní 1973, ọkọ̀ tó ń gbé ẹ́ńjìnnì ńlá méjì di ẹrù sí olówó rẹ̀ lọ́rùn. Ní 1991, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí nǹkan afẹ́, ìdá 10 nínú 100 lórí iye tí ọkọ̀ bá fi lé ní 100,000 dọ́là. Èrò wọn ni pé olówó ni yóò san án. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé olówó kò rà mọ́, káfíńtà àti mẹkáníìkì ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n tó fagi lé owó orí náà ní 1993. Òfin èéfín ẹ́ńjìnnì tí ìjọba gbé jáde ní 1996 náà fi dandan lé e pé kí àwọn oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì wá ọgbọ́n tuntun. OMC gbé ọ̀kan jáde, ẹ́ńjìnnì náà dá wàhálà sílẹ̀, gbèsè sì ń gun orí gbèsè.

Lẹ́ẹ̀kẹrin ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò: ọkọ̀ onífáíbà kì í tètè kú. Mọ́tò ọdún 1975 ti di irin dídógùn-ún tipẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ fáíbà ọdún 1975 ṣì lè léfòó. Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ tuntun wá di ẹni tó ń bá ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ tà ní ogójì ọdún sẹ́yìn du oníbàárà.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RA ÒGBÓLÓGBÒÓ: TI ONÍPÁKÓ

Owó tí wọ́n ń dá lé ògbólógbòó ọkọ̀ máa ń fa ojú mọ́ra. Ọkọ̀ tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á fi owó ilé rà lè wà fún títà ní owó àlòkù mọ́tò. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi rà á ni ó máa ń kéré jù nínú gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà yóò gbà.

Ọkọ̀ onípákó máa ń gbẹ bó bá pẹ́ lórí ilẹ̀. Pákó rẹ̀ á sún kì, àlàfo á sì là láàárín wọn. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ ọ́ sómi lẹ́yìn òtútù, omi á máa wọlé bí ẹni pé ó fẹ́ rì, ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń fi okùn gbé e dúró sínú omi mọ́jú, tí ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde yóò sì máa ṣiṣẹ́, títí pákó yóò fi mu omi yó, tí yóò sì dí ara rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àléébù. Àléébù ni kí ọ̀bẹ kékeré máa wọ inú igi bí ẹni gún iṣu sísè, tàbí kí ìdè tó so pákó mọ́ra ti jẹ dànù láìhàn síta. Fáníìsì tó ń dán kò sọ nǹkan kan nípa ìdí ọkọ̀. Ìdí tó nílò pákó tuntun láti iwájú dé ẹ̀yìn lè gba owó ju iye tí wọ́n ta odindi ọkọ̀ lọ.

TI ONÍFÁÍBÀ

Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá ti bọ́ lọ́wọ́ pákó, wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ìjẹrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà àtijọ́, igi ni wọ́n fi ṣe egungun tó gùn gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, igi ló wà nínú ògiri ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, fáíbà ni wọ́n kàn fi bò ó. Bí omi bá gba ojú ihò ìdè kan wọlé, igi náà á máa jẹrà nínú òkùnkùn fún ọdún púpọ̀, òde rẹ̀ á sì máa dán.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ àyẹ̀wò máa ń fi òòlù kékeré kan gbogbo ara ọkọ̀ wò. Níbi tó bá le, yóò dún gan-an-gan-an. Níbi tí igi inú rẹ̀ bá ti kú, yóò dún gbì bí ìgbà tí wọ́n ń lu tìmùtìmù. Ẹ má ṣe fi ojú yín nìkan ra ọkọ̀. Ẹ san owó fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò, tí kì í ṣe òun ló ń ta ọkọ̀ náà. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ha á dànù, tàbí tí kò bá ìwé mu, ẹ padà sílé.

Ẹ́ŃJÌNNÌ ÀTI EPO

Ibí yìí ni ẹ̀mí wà. Afẹ́fẹ́ epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Bó bá jò lára mọ́tò, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Bó bá jò nínú ọkọ̀ ojú omi, inú ikùn ọkọ̀ ni yóò lọ jókòó sí, tí yóò sì máa dúró de iná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi abẹ̀bẹ̀ oníná sí àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn wà nínú, ìkìlọ̀ sì ni pé kí wọ́n tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kí wọ́n tó ṣíná ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi imú gbọ́ òórùn inú ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi dára kí èèyàn mú ẹ̀yà ara mọ́tò sínú ọkọ̀ ojú omi nítorí pé ó dínwó. Ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìṣíná àti èyí tó ń gba iná sínú bátìrì ti ojú omi ni wọ́n ṣe lọ́nà tí iná kò fi ní í ta jáde lára wọn. Ti mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀yà mọ́tò tún ṣe lè gbé èèyàn lọ, kó gbé e bọ̀, fún ọdún kan gbáko, kó tó di ọjọ́ tí epo yóò jò díẹ̀.

Epo òde òní náà ń bá ọkọ̀ àtijọ́ jà. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ń po ọtí tí wọ́n fi àgbàdo ṣe mọ́ bẹntiróòlù. Ọtí yìí máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Àwọn ọkọ̀ kan tó jáde ṣáájú àárín àwọn ọdún 1980, tí táǹkì wọn jẹ́ fáíbà, ni epo yìí yọ inú táǹkì wọn sínú ẹ́ńjìnnì, tó sì bà á jẹ́ pátápátá.

Ẹ̀yà ara wíwá tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lo ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ ṣì máa rí ohun tó fẹ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti OMC, ó di kó máa wá òkú ọkọ̀ tó jọ tirẹ̀ kiri, kó lè tú ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ ẹ̀rọ kí ẹ tó béèrè iye owó ọkọ̀.

ÀWỌN TÓ Ń TỌ́JÚ ÌTÀN

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ìbànújẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn Chris-Craft àtijọ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1973, nígbà tí yóò sì fi di 1975, ẹgbẹ́ mìíràn tó kó gbogbo onírúurú ọkọ̀ àtijọ́ mọ́ra ti bẹ̀rẹ̀ ní Lake George, ní ìpínlẹ̀ New York. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ àtijọ́ wà ní Clayton, ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà. Nígbà tí fíìmù On Golden Pond jáde ní 1981, tí Chris-Craft onímahogany ọdún 1950 kan sì kópa nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìnkùlé bàbá wọn, bóyá irú rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn ìwé Chris-Craft wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn awakọ̀ òkun ní Newport News, ní Virginia. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ lè kọ̀wé síbẹ̀, kí wọ́n wá káàdì rẹ̀ jáde fún un: irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sí i, àwọ̀ tó ní, àti ibi tí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ tó kúrò níléeṣẹ́. Iléeṣẹ́ ti ṣípò padà, olówó rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n ìwé ìbí ọkọ̀ náà kò sọnù.

Àmọ́ fún ọkọ̀ kan tí wọ́n tún ṣe, ọ̀pọ̀ ló wà tí wọ́n pa tì. Fáíbà tí kì í jẹrà nígbà ayé rẹ̀ kì í jẹrà lẹ́yìn ikú rẹ̀ náà. Wọ́n ń fi wọ́n sílẹ̀ sínú igbó, létí omi àti nínú ọgbà àwọn atúnkọ̀ṣe. Ní Faransé, ìjọba fi dandan lé e pé kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ dá owó jọ láti fi palẹ̀ àwọn tó ti darúgbó mọ́, láti 2019 ni àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, APER, ti ń tú wọn láìgba owó lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, àfi owó tí yóò fi gbé e débẹ̀.

NÍLÉ WA ŃKỌ́?

Kì í ṣe ọkọ̀ afẹ́ ni àwọn èèyàn wa ń wọ̀ jù ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Badagry àti ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ọkọ̀ tó ń kó èrò àti ẹja ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ fáíbà ti pọ̀ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti onípákó, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ló ń tì wọ́n, tòkunbọ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Johnson dópin ní 2007, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 sì ni iléeṣẹ́ tó ni Evinrude kéde pé òun kò ṣe é mọ́, lẹ́yìn ọdún 111 tí Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tó di ará Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ ní ẹ̀dínwó, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí yóò ti máa rí ẹ̀yà ara rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tó bá kú láàárín ọ̀sà pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀, kì í ṣe owó nìkan ló lè múni pàdánù.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun tí ìtàn àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ wa ni pé orúkọ tó wà lára ọkọ̀ lè ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kàn án tipẹ́tipẹ́, kò sì lè bá ẹnikẹ́ni gbọ́n omi. Ẹni tó bá fẹ́ ra ògbólógbòó, kó yọ orúkọ sápá kan, kó wo ìdí ọkọ̀, kó wo táǹkì, kó wo ẹ́ńjìnnì, kó sì ka owó àtúnṣe mọ́ owó tó fẹ́ fi rà á. Bí owó náà bá ṣì wà lápò rẹ̀ lẹ́yìn ìṣirò yìí, tó sì ní àkókò àti sùúrù, ọkọ̀ àtijọ́ yóò fún un ní adùn tí tuntun kò ní. Bí kò bá sí, kó bá àwọn yòókù dúró létí omi, kó máa wò ó bó ṣe ń kọjá. Ọ̀fẹ́ nìyẹn.